Wọ́n jọ jókòó, wọn kò mọ ara wọn: ìdáhùn fún akọ̀wé ìgbìmọ̀ àpérò kan ní Abẹ́òkúta

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò àpérò ọdọọdún ẹgbẹ́ wa níbí ní Abẹ́òkúta. Àwọn tó ń ṣe gàrí àti láfún wà nínú ẹgbẹ́ náà, àwọn tó ń rọ ẹ̀rọ wà níbẹ̀, àwọn olùwádìí láti yunifásítì wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Nǹkan bí ènìyàn 150 ló máa ń wá, ọjọ́ méjì la sì ń lò. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ máa ń dára, oúnjẹ máa ń kárí, ṣùgbọ́n ẹni tí oníkálùkù bá wá láti ilé ló máa ń jókòó tì títí a ó fi túká. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gba nọ́ńbà, wọ́n á dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀, kò sì ní pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kò fi ní sí ohun mìíràn níbẹ̀ ju àdúrà òwúrọ̀ lọ. Alága wa fẹ́ kí a fi àsè alẹ́ kún un lọ́dún yìí kí àwọn ènìyàn lè mọ ara wọn. Ǹjẹ́ ìyẹn yóò ṣiṣẹ́? Kí ni kí a ṣe tí àwọn tó wá yóò fi ní àjọṣe gidi lẹ́nu iṣẹ́ wọn?"

Ẹ kú iṣẹ́, akọ̀wé wa, ẹ sì kú àròjinlẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ni kì í béèrè ìbéèrè yìí rárá. Bí gbọ̀ngàn bá ti kún, tí kò sì sí ẹni tó ráhùn oúnjẹ, wọ́n gbà pé àpérò ti yọrí nìyẹn. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ìṣòro méjì ló wà nínú rẹ̀ tí ẹ dì pọ̀ mọ́ra. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn tó yẹ kí wọ́n pàdé kò pàdé: ìyá tó ń ṣe láfún, tí òjò kì í jẹ́ kí ọjà rẹ̀ gbẹ, jókòó ní ìlà kẹta, ọ̀dọ́kùnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan gbẹ jókòó ní ìlà kẹwàá, àwọn méjèèjì sì padà sílé láìmọ̀ pé ẹnì kejì wà láyé. Èkejì ni pé àwọn tó tiẹ̀ pàdé kò ní ohunkóhun tí wọn yóò jọ ṣe lẹ́yìn ìpàdé náà, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà tí wọ́n gbà fi ń sùn sínú fóònù. Àsè alẹ́ kò kan ìṣòro kejì rárá, díẹ̀ ló sì lè ṣe sí àkọ́kọ́. Mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ó bá jẹ́ òun nìkan lẹ fi kún ètò, ohun tí ẹ rí lọ́dún tó kọjá náà lẹ ó tún rí.

Kí n kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò lọ́nà, torí mo mọ̀ pé yóò jẹyọ nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ yín. Àwọn kan yóò sọ pé ìgbéraga ni kì í jẹ́ kí àwọn olùwádìí bá àwọn tó ń ṣe gàrí sọ̀rọ̀, tàbí pé ìlú kọ̀ọ̀kan ti fẹ́ràn ti ara rẹ̀ jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan tàbí ẹni méjì. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń rí yìí kì í ṣe ti Abẹ́òkúta nìkan, kì í sì í ṣe ti àwa Yorùbá nìkan. Ní ọdún 2007, Paul Ingram àti Michael Morris ti Yunifásítì Columbia ní New York tẹ ìwádìí kan jáde lórí ìkórajọ àwọn oníṣòwò kan, tí wọ́n ṣètò kí àwọn tó wá lè bá ara wọn pàdé. Káàdì orúkọ tí wọ́n fi kọ́ wọn láyà ní ẹ̀rọ kékeré nínú, èyí tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹni tí olúkúlùkù dúró bá sọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó wọlé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sọ pé ènìyàn tuntun ni àwọn bá wá. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọn ń gbé wọn lọ. Wọn kò purọ́ nígbà tí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá wá. Lílọ bá àjèjì nínú gbọ̀ngàn tó kún gba ìgboyà, ó gba ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí kò ní ṣe ènìyàn ní ẹ̀sín, ó sì ṣeé ṣe kí onítọ̀hún má dáhùn dáadáa. Ẹni tí a jọ wọ ọkọ̀ wá kò gba nǹkan kan nínú ìwọ̀nyí. Nítorí náà, bí ẹ bá sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n "lọ mọ ara wọn", tí ẹ kò sì ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀ ni wọn yóò padà sí, kò sì yẹ kí a dá wọn lẹ́bi.

Ẹnì kan lè ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí àwọn tí wọ́n jọ wá náà ń ran ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n mọ̀ kò yàtọ̀ síra. Oníbàárà tí ìyá láfún kan mọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú kan náà ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ tí kò tíì rí, àwọn náà kò tíì rí i. Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé èyí nínú àpilẹ̀kọ kan tó gbé jáde ní ọdún 1973. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó rí iṣẹ́ tuntun nípasẹ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀ pé báwo ni àwọn àti ẹni náà ṣe ń rí ara wọn sí. Nǹkan bí 17 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé àwọn ń rí ẹni náà déédéé. Nǹkan bí 28 sọ pé agbára káká ni àwọn fi ń rí i. Àwọn tó kù, tí wọ́n ju ìdajì lọ, ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò sún mọ́ wa ló máa ń gbọ́ ohun tí àwa àti àwọn tiwa kò gbọ́. Torí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àpérò ṣe yẹ ní ṣíṣe, torí pé ẹni tí a ń bá gbé ládùúgbò kò béèrè pé kí a sanwó gbọ̀ngàn kí a tó rí i.

Ẹ jẹ́ kí a tún fi ìṣirò wò ó. Láàárín ènìyàn 150, ìpàdé ẹni méjì-méjì tó lè wáyé jẹ́ 11,175. Bí ẹnì kan bá fẹ́ bá àwọn 149 yòókù sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, yóò gbà á tó wákàtí 25, láìsùn, láìjẹun. Nínú ọjọ́ méjì yín, bí a bá yọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìṣíde kúrò, bóyá ni àyè tó kù fún ọ̀rọ̀ sísọ fi ń tó wákàtí mẹ́rin, ẹni tó bá sì já fáfá lè bá bí ẹni mẹ́wàá sọ̀rọ̀ tó ní láárí láàárín àkókò náà. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan péré nínú gbọ̀ngàn ló ní ohun tí ìyá láfún yẹn nílò, tí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún oríire, ànfààní pé ẹni náà yóò wà lára àwọn mẹ́wàá tí ó bá sọ̀rọ̀ kò ju ẹyọ kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Àsè alẹ́ yóò fi wákàtí méjì tàbí mẹ́ta kún un, orin yóò sì gba ìdajì rẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, ohun mìíràn tún wà lórí gbogbo èyí, òun ni mo sì kà sí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀dọ́kùnrin kan kò lè ṣàdédé lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti dàgbà tó bàbá rẹ̀, kí ó na ọwọ́ sí i, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ó ń ṣe. Yóò kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, yóò sì dúró kí àgbà náà bi í léèrè ọ̀rọ̀. Bí àgbà náà bá wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ náà yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀, yóò sì rọra kúrò níbẹ̀. Àgbà náà pẹ̀lú kò mọ ìdí tí ọmọ náà fi dúró, ó sì lè rò pé ìkíni lásán ni. Ẹ tún fi èyí kún un pé, ní orílẹ̀-èdè yìí, ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ ẹni tó wà nípò, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ rò ni pé owó tàbí kọ́ńtíráàtì ló ń wá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ìmọ̀ tó dára ló ń fà sẹ́yìn kí a má bàa kà wọ́n mọ́ alágbe, àwọn tí ojú kì í tì nìkan ló sì ń yí àwọn èèkàn ká láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn tí a ń gbọ́ láti òkè òkun, pé kí ènìyàn kàn lọ bá ẹnikẹ́ni kí ó sì sọ orúkọ ara rẹ̀, kò fi ń bá wa lára mu. Mi ò rò pé ó yẹ kí a pa ọ̀wọ̀ tì torí àpérò. Ó yẹ kí a wá ọ̀nà tí ọ̀wọ̀ náà yóò fi ṣiṣẹ́ fún wa.

Ètò tí ẹ ń lò náà tún ń dá kún un. Mo ti wà nídìí ìṣètò irú àpérò báyìí pẹ́, mo sì ti rí bí òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe máa ń lọ: a ó dúró de àlejò pàtàkì, a ó ka orúkọ àwọn èèkàn tó wà níkàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni mẹ́fà yóò mú iṣẹ́ ìkíni wá, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ nígbà tó yẹ kó ti parí, ohun tí a ó sì kọ́kọ́ gé kúrù láti fi rí àkókò padà ni ìsinmi ráńpẹ́ tí àwọn ènìyàn ìbá fi sọ̀rọ̀. Bí ìsinmi bá sì dé, ẹ̀rọ gbohùngbohùn yóò máa lu orin tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni méjì kò fi ní lè gbọ́ ara wọn. Ẹ pa orin náà. Kò ní ná yín ní kọ́bọ̀, ó sì lè ṣe ju àsè lọ. Bí gbọ̀ngàn yín kì í bá ṣe irú èyí tí wọ́n kan àga mọ́lẹ̀, ẹ to àga yí tábìlì ká dípò kí ẹ tò wọ́n ní ìlà bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Káàdì orúkọ náà nílò àtúnṣe: oyè àti orúkọ ilé iṣẹ́ ló máa ń gba gbogbo ààyè rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ẹni náà ń ṣe ni yóò fún ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ sọ.

Oògùn tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ ni alárinà. Bí a bá fẹ́ so ìdílé méjì pọ̀ ní ilẹ̀ yìí, a kì í ti ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin sínú yàrá kan kí a ní kí wọ́n lọ mọ ara wọn. Ẹnì kan wà tó mọ ilé méjèèjì, tó mọ ohun tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń wá, tó sọ ti ọ̀kan fún èkejì, tó mú wọn kojú ara wọn, tó sì yẹ̀bá nígbà tí wọ́n mojú ara wọn tán. Àpérò yín kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi síbẹ̀. Kí alárinà tó lè ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń mú lọ bá ẹni, nítorí náà ni iṣẹ́ náà fi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀. Ẹ yọ ìbéèrè tí gbogbo ẹgbẹ́ máa ń bi ènìyàn, pé kí ló ń retí láti rí gbà nínú àpérò, torí "ìmọ̀" ni gbogbo wọn yóò kọ síbẹ̀. Ẹ fi ìbéèrè méjì rọ́pò rẹ̀: ìṣòro wo ni ẹ ń bá yí lẹ́nu iṣẹ́ yín lọ́wọ́lọ́wọ́? Kí ni ẹ mọ̀ ọ́n ṣe tí ẹ lè fi ran ẹlòmíràn lọ́wọ́? Àwọn ìyá tí kò bá fẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀, kí ẹnì kan pè wọ́n lórí fóònù, kí ó bi wọ́n ní Yorùbá, kí ó sì bá wọn kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ìdáhùn tiwọn ló sábà máa ń ṣe kedere jù, torí wọn kò fi èdè ìwé bo ìṣòro mọ́lẹ̀.

Nígbà tí fọ́ọ̀mù bá pé, kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ jókòó tì í fún odindi ọjọ́ kan. Kò sí ẹ̀rọ kankan tí ẹ nílò. Ẹ tẹ́ fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀, ẹ kó ìṣòro tó jọra síbì kan, ẹ sì wá ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ fún ìṣòro kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ orúkọ ẹni mẹ́ta síwájú orúkọ olúkúlùkù: àwọn mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ rí kí ó tó kúrò ní Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn èyí, ẹ yan alárinà méjìlá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa bójú tó bí ènìyàn méjìlá tàbí mẹ́tàlá. Ẹ má ṣe fi alága ṣe alárinà, torí ọwọ́ rẹ̀ yóò dí pẹ̀lú àwọn àlejò. Àwọn tó máa ń ṣe é dáadáa jù ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu bíbá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́, àti àwọn ìyálọ́jà, nítorí ara wọn yá mọ́ ènìyàn, àgbà kò lè fojú di wọ́n, ọmọdé kò sì bẹ̀rù wọn jù. Ẹ fi aṣọ àdìrẹ kan náà dá wọn mọ̀, kí ẹnikẹ́ni lè mọ ẹni tí yóò wá lọ.

Bí alárinà ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì gan-an, ó sì yẹ kí ẹ jọ fi dánra wò ṣáájú. Pípe orúkọ ẹni méjì kò tó. Kí ó mú ìyá náà lọ bá olùwádìí, kí ó sì sọ báyìí pé: "Ẹ kú ìjókòó, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Màmá yìí ń ṣe láfún ní Ọ̀dẹ̀dá. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni pé bí òjò bá ti ń rọ̀, ọjà wọn máa ń bu kí ó tó gbẹ. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe lórí gbígbẹ ẹ̀gẹ́ ló mú mi rántí yín. Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé fún wọn bí ẹ ṣe ń sá a, mo ń padà bọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ kúkurú yìí ti ṣe. Ìyá náà kò tọrọ nǹkan kan, nítorí ẹlòmíràn ló sọ ohun tó nílò. Ọ̀wọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kò dín, ó sì mọ ìdí tí wọ́n fi mú ìyá náà wá sọ́dọ̀ òun. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, tó máa ń nira jù, ti wà nílẹ̀. Àwọn méjèèjì sì mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, nítorí náà kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun kò ní rí ọ̀nà kúrò. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Alárinà ló ń bá a ríran.

Bí alága bá béèrè ẹ̀rí pé ìpàdé kúkurú tí a ṣètò lè so èso, ẹ sọ ti ìwádìí tí Kevin Boudreau àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2017 fún un. Wọ́n pín àwọn olùwádìí ìṣègùn ní Harvard sínú yàrá bí kèké ṣe mú wọn, wọ́n sì fún wọn ní 90 ìṣẹ́jú láti fi ohun tí wọ́n ń ṣe han ara wọn. Ẹni méjì tí wọ́n jọ wà nínú yàrá kan náà fi ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ju àwọn tí wọ́n wà ní yàrá ọ̀tọ̀ lọ nínú kí wọ́n jọ kọ̀wé béèrè owó ìwádìí. Ilé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ti wá, síbẹ̀ kò tó kí wọ́n kàn wà nítòsí ara wọn. Òótọ́ ibẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún alága pẹ̀lú ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó jọ jókòó kò jọ ṣe nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣètò ń fi kún ànfààní ni. Kò sọ gbogbo ìpàdé di iṣẹ́.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí ẹ fi sínú ètò ni ìjókòó ìṣòro, ní ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́, ní ipò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjì tí kò ní dun ẹnikẹ́ni bí ẹ bá yọ wọ́n. Kí ẹni mẹ́fà-mẹ́fà jókòó yí tábìlì kan ká, láti ìlú àti iṣẹ́ tó yàtọ̀ síra, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní ogún ìṣẹ́jú. Yóò sọ ìṣòro rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn yòókù yóò bi í ní ìbéèrè. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò sọ ohun tí àwọn ìbá ṣe. Wákàtí méjì yóò tó fún wọn. Ó pọn dandan kí ọ̀jọ̀gbọ́n pẹ̀lú mú ìṣòro tirẹ̀ wá, irú bí oko tí kò rí lò fún àyẹ̀wò tàbí ẹ̀rọ tó ṣe tí ẹnikẹ́ni kò rà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ló ń béèrè, tí ẹ̀gbẹ́ kejì ń fúnni, ìpàdé náà yóò di kíláàsì. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo ti rí i kí wẹ́dà kan tí kò kàwé jìnnà tọ́ka sí ibi tí àwòrán ẹ̀rọ olùwádìí kan ti ní àléébù, kí àwọn méjèèjì sì di alábàáṣiṣẹ́ láti ọjọ́ náà.

Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ tún lè ràn yín lọ́wọ́. Ní ọdún 1961, ìlú yìí ni wọ́n ti ṣe àpérò àkọ́kọ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, lábẹ́ ìdarí Dókítà Adéoyè Lambo tó jẹ́ ọmọ ìlú yìí. Kì í ṣe ìlú tó kàn ní gbọ̀ngàn ni àwọn dókítà náà wá. Láti ọdún 1954 ni Lambo ti ń mú kí àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Aró máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká nígbà tí wọ́n ń gba ìtọ́jú, nítorí náà ohun tí wọ́n wá jíròrò wà nítòsí níbi tí wọ́n jókòó sí. Bákan náà ni tiyín rí. Yunifásítì ètò ọ̀gbìn ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, wà ní Alábàtà. Àwọn abúlé tí wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún láfún, tí wọ́n sì ń sá a sórí àpáta, kò jìnnà sí ìgboro. Ẹ fi òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kó àwọn ènìyàn lọ wo ibi iṣẹ́ kan, kí àwọn alárinà sì pín ìjókòó nínú bọ́ọ̀sì kí ẹni tó jọ wá má jókòó pọ̀. Ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ kò ní wá ọ̀rọ̀ tì. Àwọn kan yóò ní kí ẹ kó wọn lọ sí Olúmọ. Ó dára fún ìgbádùn, ṣùgbọ́n fọ́tò ni wọn yóò mú bọ̀ níbẹ̀.

Ní ti àsè alẹ́, ẹ jẹ́ kí alága ṣe é, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìjókòó ìṣòro, torí àwọn tó ti sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án ni yóò rí ohun tí wọn yóò tẹ̀síwájú lé lórí nígbà tí wọ́n bá ń jẹun. Ìmọ̀ràn kékeré kan wà tí Eric Holscher, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Write the Docs, àpérò àwọn tó ń kọ ìwé àlàyé ètò kọ̀ǹpútà, sílẹ̀, máa ń fún àwọn ènìyàn: bí ẹ bá dúró ní àgbo, ẹ fi àlàfo ẹnì kan sílẹ̀ kí ẹni tó ń kọjá lè darapọ̀. Ẹ ní kí olùdarí ètò kéde rẹ̀. Ẹgbẹ́ WhatsApp kò burú fún ìkéde, ṣùgbọ́n ẹ má retí àjọṣe níbẹ̀; nínú ẹgbẹ́ ènìyàn 150, kò sí ẹni tó fẹ́ tú àṣírí ìṣòro rẹ̀ síta.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ìgbìmọ̀ kì í fẹ́ gbé sórí tábìlì. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń wá sí àpérò mọ̀ pé ọkùnrin kan lè gba nọ́ńbà wọn ní orúkọ iṣẹ́, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lóru. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan nínú wọn fi ń jókòó ti ara wọn títí di ìparí, kì í ṣe ìtìjú. Ẹ má tẹ nọ́ńbà gbogbo ènìyàn sínú ìwé ètò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹ rí i dájú pé ìdajì àwọn alárinà jẹ́ obìnrin, kí ẹ sì kéde orúkọ ẹni méjì tí a lè fi ẹjọ́ sùn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ kò lè ní àjọṣe iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ìṣòro kejì tí mo sọ ní ìbẹ̀rẹ̀, ti nọ́ńbà tó ń sùn sínú fóònù, nílò ìwòsàn tirẹ̀. Kí ẹ tó dé ibi ìdúpẹ́ ní ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn ènìyàn kò tíì máa kó ẹrù, ẹ fún olúkúlùkù ní ìwé pélébé kan kí ó kọ ohun kan ṣoṣo tí yóò ṣe, ẹni tí yóò bá ṣe é, àti ọjọ́ tí yóò ṣe é. "Mo máa pè wọ́n" kò tó. "Màá gbé àpò ẹ̀gẹ́ méjì lọ sí ibi iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ Sátidé kejì oṣù tó ń bọ̀, kí a fi ẹ̀rọ náà gbẹ ẹ́ wò" ló tó. Kí alárinà ya fọ́tò ìwé náà, kí ó sì pe àwọn ènìyàn méjìlá tirẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó tún pè wọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ fi owó káàdì ìpè sínú ìṣirò ìnáwó yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó tí yóò gbà kò tó iye tí ẹ ó fi gba ẹgbẹ́ olórin fún àsè.

Ibi tí agbára gbogbo èyí mọ náà wà. Àwọn kan wá nítorí ìwé ẹ̀rí tàbí owó ìrìnàjò tí ilé iṣẹ́ wọn fún wọn, kò sì sí alárinà tó lè fi tipátipá fún wọn ní ìfẹ́ sí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ojúlùmọ̀ kò sì lè dípò owó: ìyá láfún lè rí ẹni tó ń rọ ẹ̀rọ, kí wọ́n gbọ́ ara wọn yé, kí ó sì jẹ́ pé kò sí ibi tí yóò ti rí owó ẹ̀rọ náà. Bí irú ìyẹn bá pọ̀ nínú fọ́ọ̀mù, ẹ tètè pe ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tàbí bánkì kan tó ń yá àgbẹ̀ lówó sí àpérò náà, kí ẹ sì fún àwọn pẹ̀lú ní alárinà. Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ má retí ju àjọṣe díẹ̀ tó dúró lọ. Ẹ má sì fi iye nọ́ńbà tí wọ́n gbà wọn ara yín. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wá bóyá wọ́n ti bá ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé níbẹ̀ ṣe nǹkan kan, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀, ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ béèrè fún fọ́ọ̀mù oníbéèrè méjì náà àti àwọn alárinà, kí ẹ sì ní kí iṣẹ́ ìkíni òwúrọ̀ dín sí méjì. Fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, kí ó padà sọ́wọ́ yín nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, kí ọ̀sẹ̀ kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti pípín ènìyàn, kí èkejì jẹ́ ti kíkọ́ àwọn alárinà. Bí àkókò tó kù yín kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìbẹ̀wò ibi iṣẹ́ sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, kí ẹ mú ọgọ́ta ènìyàn tí ìṣòro wọn le jù, kí ẹ pè wọ́n lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì fi alárinà márùn-ún bẹ̀rẹ̀.